Ewúro Ìgbà Òjò

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n lè kọ́ máa ń rò pé nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀, tàbí tíṣà. Bí mo bá sọ fún wọn pé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ewé ni mo ń sá, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ bi mí pé, "Màámá, ṣé ewé kì í gbẹ fúnra rẹ̀ ni?" Mo ní kó jókòó. Ìbéèrè tó dára ni. Ewé a máa gbẹ fúnra rẹ̀ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja tó kú sétí òkun a máa gbẹ fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ tán ni iṣẹ́ tiwa.

Adúkẹ́ lorúkọ mi. Ní Darkuman níbí, ní Accra, Naa Awonwono ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mí sí. Naa ni àwọn Gã máa ń pe obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọdé tàbí àgbà, awonwono sì ni àwọn tó ń sọ Twi ń pe ewúro. Orúkọ náà bá mi mu. Bàbá mi jẹ́ ọmọ Ọ̀fà tó ń tún òkìrìkà rán ní ọjà Kantamanto. Ọmọ Gã ni màmá mi, ó ń se kẹ́ńkè, àgbàdo kíkan tí wọ́n máa ń fi háhá àgbàdo dì kí wọ́n tó sè é. Inú ilé méjì yìí ni mo ti jáde, iṣẹ́ mi náà sì ti inú méjèèjì jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó mọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, màmá mi mú mi lọ bá obìnrin ìlú bàbá mi kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ọ̀fà. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé: àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, mo gbé ẹní mi wọlé. Owó oṣù kò sí fún ọmọ-iṣẹ́. A ń jẹ, a ń sùn, a ń kọ́ṣẹ́.

Ewúro ni Ìyá Ọ̀fà ń sá jù. Àwọn ará ilé wa tó ń kó aṣọ àti ọṣẹ lọ tà lápá àríwá, níbi tí ewúro ti ṣọ̀wọ́n, ló máa ń rà á dání. Àwọn aboyún àti àwọn tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ náà ń rà á. Obìnrin gíga ni Ìyá Ọ̀fà, ó tín-ín-rín, ewé kan kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n tó ń lò. Bí mo bá já ewé wọlé, á fi ọ̀kan sẹ́nu, á wo òkè, lẹ́yìn náà á sọ igi tí mo ti já a fún mi. Mo rò pé ó ń ṣọ́ mi láti ojú fèrèsé ni, títí mo fi lọ já ewé ní ilé ẹlòmíràn tó sì sọ fún mi pé, "Èyí kì í ṣe tiwa. Inú ilẹ̀ iyanrìn lèyí ti hù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. A kì í já ewúro nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, a kì í sì í dúró kí oòrùn mú un rọ. A kì í já ọ̀mùnú, a kì í já ogbó tó ti ní àmì dúdú. Èyí tó wà láàárín méjèèjì la ń fẹ́. A ó fi omi tútù ṣan erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ní odindi, a ó gbọn omi rẹ̀ dànù. Ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ kàn án, nítorí ibi tí a bá ti gé e ni omi ara rẹ̀ ti ń jáde. A ó wá sá a sórí ẹní, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síra, kí afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Ewé ò gbọdọ̀ gun ewé. Oòrùn ò gbọdọ̀ kàn án rárá.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ pé ó ti gbẹ, má wulẹ̀ fọwọ́ pa á. Awẹ́ ewé a máa gbẹ kí eegun àárín rẹ̀ tó gbẹ, òun ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Mú ewé náà súnmọ́ etí, kí o ṣẹ́ eegun rẹ̀. Bó bá tẹ̀, dá a padà sórí ẹní. Bó bá dún kẹ́ẹ́, dì í. Ìyá Ọ̀fà lè tú odindi àpò sílẹ̀ nítorí ewé kan tí kò dún. Mo ti rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ lójú oníbàárà tí lọ́rì rẹ̀ ń fun fèrè níta.

Obìnrin náà ní, "Ìyá Ọ̀fà, mo ń lọ o. Fún mi bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Máa lọ. Ewé ò tíì ṣetán ìrìn àjò."

Ohun tó kórìíra jù ni kí ènìyàn fọ ewúro títí tí kò fi ní korò mọ́. Àwọn mìíràn máa ń bó o, wọ́n á fún un, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á tún fún un, títí ìfòófò á fi tán. Ìyá Ọ̀fà á ní, "Wọ́n ti da ewúro sí gọ́tà. Koríko ni wọ́n ń gbé lọ sílé." Bí oníbàárà bá fẹ́ fi òwe bá a ṣeré pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Jẹ́ kó kọ́kọ́ korò ná."

Ní ilé wa, òfin kan wà tí Ìyá Ọ̀fà bá lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀. A kì í dá ọmọ-iṣẹ́ sílẹ̀ àfi bó bá sá ewé kan nígbà òjò, láìsí ọwọ́ ọ̀gá níbẹ̀. Ọ̀gá á se ewé náà, á jẹ ẹ́ lójú ẹlẹ́rìí, lẹ́yìn náà ni yóò gbàdúrà fún un. Ẹ̀ẹ̀rùn ò le. Ọ̀tọ̀ ni ìgbà òjò ní Accra, nígbà tí iyọ̀ ń yọ́ nínú àwo, tí atẹ́gùn òkun sì ń mú ògiri làágùn. Ìyá Ọ̀fà ní ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kan oṣù òjò, ó máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá ewé mọ́ra rẹ̀. Ó ní bí òun bá fi hàn mí, iṣẹ́ òun ni mo máa ṣe, kì í ṣe tèmi.

Òjò tó ń bọ̀ lọ́dún 1970 ni yóò jẹ́ tèmi. Mo ti ń ka ọjọ́ rẹ̀ bí ọmọ tó ń retí Kérésì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni rédíò kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ òṣèlú dà yín láàmú. Ohun tí mo fojú rí ni mo lè sọ. Àwọn ènìyàn tó ti sin òbí wọn sí ìlú yìí ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síta kí ẹni tó bá ń kọjá lè dá iye tó wù ú. Àwọn obìnrin ń da ọṣẹ àti sẹ́dà sílẹ̀ ní ọjà. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ju Gã àti Twi lọ ń béèrè ibi tí Nàìjíríà wà. Ní tèmi, àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi dìde, wọ́n ní ọmọ àwọn ni mí, ẹnikẹ́ni ò sì lé mi. Ìyá Ọ̀fà ò ní ìwé, kò sì ní ẹni tó máa dìde fún un.

Gbogbo ẹni tó ń lọ ló wá ra ewúro. Wọ́n ń fẹ́ ohun tí wọn yóò jẹ lójú ọ̀nà, àti ohun tí wọn yóò gbé fún ará ilé tí wọn ò rí rí. A já gbogbo igi tó wà ní àgbàlá láìku ewé kan. Ẹní kún yàrá, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láàárín rúkèrúdò yẹn, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ọ̀fà. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi sílẹ̀ kí ẹ tó lọ."

Kò gbójú sókè kúrò lórí okùn tó ń wé. "Kí lo ti sá nígbà òjò?"

"Òjò ò tíì dé, mà."

"Èmi kọ́ ni mò ń rọ̀ ọ́."

"Màámi, bí ẹ bá ti lọ, ta ni yóò wá dá mi sílẹ̀? Gbogbo àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń lé."

Ó gbé okùn sílẹ̀. "Adúkẹ́, gbọ́. Ìjọba lè fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi kó ẹrù. Wọn ò lè fún ewé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá dá ọ sílẹ̀ lónìí, ìkánjú ni mo fi dá ọ sílẹ̀, ẹni tó bá ra ewé rẹ lọ́la ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá sá ti ìgbà òjò, gbé e wá bá mi. Má fi rán ẹnikẹ́ni. Gbé e wá."

Inú bí mi. Mo rò pé agídí arúgbó lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí lọ́rì dé ló jẹ́ kí n mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ewé tó kù lórí ẹní ò tíì gbẹ. Awakọ̀ ní òun ò lè dúró, àwọn èrò ti jókòó sórí ẹrù wọn. Ìyá Ọ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé náà sínú àpò. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e sétí, mo ṣẹ́ eegun rẹ̀. Ó tẹ̀.

Mo ní, "Màámi, kò dún."

Ó ní, "Mo gbọ́. Dì í."

Èmi ni mo di àpò náà. Obìnrin tó máa ń tú odindi àpò nítorí ewé kan ṣoṣo gun orí lọ́rì, ó fi àpò ewé tí kò gbẹ sáàárín ẹsẹ̀, kò sì wẹ̀yìn.

Onílé gba yàrá rẹ̀. Kí ó tó gé igi ewúro lulẹ̀, mo ti gé ọ̀pá mélòó kan níbẹ̀, mo gbin wọ́n sẹ́yìn ilé màmá mi, nítòsí ààrò kẹ́ńkè. Ewúro kì í ṣàfojúdi sí ilẹ̀, ibi tí o bá kàn án mọ́ ni yóò ti hù.

Igi hù, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ ẹ́ ti lọ. Màmá mi ní, "Naa, kẹ́ńkè wà níbí. Ebi kì í pa ẹni tó ń se kẹ́ńkè." Obìnrin kan tó ń ta ẹja lójúde wa máa ń dá mi lóhùn kí n tó polówó rárá, á sì pè mí ní Alata, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá níbí: "Alata kékeré, àwọn ènìyàn rẹ ti wọkọ̀ lọ. Ta ló fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ohun kíkorò?" Mo ń bá màmá mi po àgbàdo láàárọ̀, mo ń já ewé mi lẹ́yìn náà. Mo ti pinnu. Èmi yóò sá ewé ìgbà òjò, màá sì gbé e lọ sí Ọ̀fà. Bí mi ò bá ṣe é, ọmọ-iṣẹ́ ni mo máa jẹ́ títí mo fi máa kú, ọmọ-iṣẹ́ tí kò ní ọ̀gá.

Òjò àkọ́kọ́ dé. Mo sá ewé sórí ẹní bí a ṣe ń ṣe lẹ́ẹ̀rùn, mo ṣí fèrèsé. Kí ó tó ṣe díẹ̀ ó ti bu, funfun rẹ̀ wú lára rẹ̀ bí òwú. Mo gbé ìkòkò èédú sínú yàrá. Ó gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń run bí ẹja yíyan. Òjò ọdún kejì, mo so ẹní mọ́ òkè ààrò kẹ́ńkè, torí mo rò pé ooru náà ni mo nílò. Èéfín omi láti inú àgbá kẹ́ńkè bò ó. Màmá mi gbé ojú sókè wò ó, ó ní, "Naa, o sá a ni, àbí o sè é? Bu ata sí i ká máa jẹ ẹ́."

Àsìkò yẹn ni mo pàdé Áńtì Efua. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ wẹ́wẹ́, ọ̀dọ̀ màmá mi ló sì ti ń ra kẹ́ńkè. Ó rí ewé ẹ̀ẹ̀rùn mi nínú ìgò, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó béèrè ìdí tí àwọ̀ rẹ̀ fi tutù bẹ́ẹ̀ nígbà tí ti ọjà máa ń pọ́n bí koríko gbígbẹ. Mo sọ fún un. Mo sì fi kún un pé ewúro ń wo ibà, inú rírun, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti gbogbo ohun tó bá ń ṣe ènìyàn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Naa, ewé ni. Kì í ṣe dókítà. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, kó wá sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, màá kọ́ ọ."

Ó kọ́ mi. Ó yá mi ní ìwé, mo ka ìyẹn tán mo lọ wá òmíràn, mi ò sì tíì dúró di òní. Nítorí náà ẹ fara dà á fún mi níbí, torí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Omi ló pọ̀ jù nínú ewúro tútù. Ìdí nìyí tí ẹ̀kún ọwọ́ kan ewé gbígbẹ fi dà bí ẹni pé ó ní èròjà ju ẹ̀kún ọwọ́ kan tútù lọ. Kò ní jù ú lọ. Omi ló jáde, èròjà wá fún pọ̀ síbì kan. Amúaradàgbà wà níbẹ̀, èyí tí ń kọ́ ẹran ara, ó sì dára díẹ̀ fún ohun tó jẹ́ ewé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè dúró níwọ̀n ẹ̀wà tàbí ẹja. Èròjà irin wà níbẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù wà fún egungun. Méjèèjì yìí ò bẹ̀rù oòrùn. Ṣùgbọ́n irin inú ewé máa ń lọ́ra láti wọ ara, àfi bí a bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọsàn tàbí tòmátì tútù. Lẹ́yìn àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè kan fara pamọ́ síbẹ̀ tí ara wa máa ń sọ di fítámì tí ojú ń lò. Èyí ni oòrùn ń pa. Nígbà tí ewé bá pọ́n lóòrùn, òun ló ti lọ. Fítámì kan tún wà, ti inú ọsàn náà, tí ó máa ń bá omi lọ, tí ó ń bá iná lọ, tí ó tilẹ̀ ń bá ọjọ́ lọ. Kò sí bí a ṣe lè sá ewé kí èyí má dín kù.

Mo bi Áńtì Efua pé, "Ìkorò ńkọ́? Ọ̀gá mi ní inú ìkorò ni ohun rere rẹ̀ wà."

Ó rò ó. Ó ní, "Ìkorò kì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n omi tó ń gbé ìkorò lọ ń gbé nǹkan mìíràn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ewé rẹ bá ṣì korò, ó fi hàn pé o ò fọ̀ ọ́ jù."

Ẹlẹ́rìí ni ìkorò, nígbà náà. Ìyá Ọ̀fà ò tọ̀nà tán, kò sì ṣìnà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá sórí òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ewé mi. Áńtì Efua ń kọ́ wọn láti bù ú díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, kí ọ̀rá inú ẹ̀pà lè ran ara lọ́wọ́ láti gba àwọ̀ ìyeyè yẹn. Obìnrin ẹlẹ́ja tó ń pè mí ní Alata kékeré wá rà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ láìwo ojú mi, ó ní, "Fún mi ní nǹkan yẹn." Mo ní, "Nǹkan wo?" Ó ní, "Nǹkan kíkorò rẹ." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo rẹ̀. Ti òjò kù.

Ojú tó bá farabalẹ̀ ló ń rí imú. Lọ́jọ́ kan nínú òjò ọdún kẹta, màmá mi rán mi lọ mú háhá àgbàdo tó máa fi di kẹ́ńkè. Ẹ̀yìn ògiri ààrò ló máa ń kó o sí. Mo di í mú, ó fọ́ lọ́wọ́ mi ṣàṣà. Òjò ń rọ̀ lórí páànù tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ohùn ara mi, háhá náà sì gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Mo dúró síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú háhá níbẹ̀, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè kan rí.

Mo pe màmá mi bí àwọn Gã ṣe ń pe ìyá: "Awo, kí ló ń mú kí háhá gbẹ níbí?"

Ó wò mí bí ẹni tó bímọ tí kò gbọ́n. "Iná wà lọ́hùn-ún. Ògiri wà láàárín. Kí ni yóò ṣe bí kò gbẹ?"

Ògiri amọ̀ yẹn ń gba ooru lọ́dọ̀ iná, ó ń tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn, èéfín ò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá, omi gbígbóná ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. A mọ yàrá kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dá ihò sísàlẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tútù láti wọlé, mo dá òmíràn sábẹ́ òrùlé kí èyí tó ti gbé omi ewé lè jáde. Dípò ẹní, mo na àwọ̀n apẹja tó ti gbó sórí igi, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí ewé láti ìsàlẹ̀. Màmá mi dá iná kẹ́ńkè rẹ̀ bó ṣe ń dá a lójoojúmọ́. Nígbà tí mo lọ wò ó, mo mú ewé kan sétí.

Kẹ́ẹ́.

Kí n tó sọ ìyókù, ó yẹ kí n mẹ́nu ba irinṣẹ́, torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ràn irinṣẹ́. Odó ni mo fi ń gún ewé níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ń gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ onínikà-nikà, ẹlẹ́rọ ìlọta, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró kí ẹ̀rọ tutù, torí ooru irin rẹ̀ ń jó àwọ̀ ewé. Ìgò di ọ̀rá. Ọ̀rá tó hàn gbangba ò dára, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ pa ewé, mo sì kọ́ láti fi bébà yí i ká. Àwọ̀n apẹja di pẹpẹ irin inú fìríìjì tó ti kú, èyí tí mo lọ ṣà ní Agbogbloshie lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú irin. Wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ní àpótí tó ń fi gíláàsì kó ooru oòrùn, tí oòrùn ò sì kan ewé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ etí ni a fi ń mọ̀ pé ewé gbẹ, kò sí ẹ̀rọ tó tíì gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ etí.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún tí eegun ewé dún.

Mi ò kánjú. Mo tọ́jú ewé náà sínú ìkòkò tí mo dì lẹ́nu, mo sì dúró títí òjò fi dáwọ́ kí n lè rí i bóyá yóò bu. Kò bu. Mo wọ lọ́rì. A gba Tógò, a gba Dàhòmì, mo gbé ìkòkò náà lé itan mi. Ní gbogbo ibodè ni wọ́n ti ní kí n ṣí i. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè fi sẹ́nu, ó tu ú síta, ó ní kí n máa lọ.

Ìyá Ọ̀fà ti funfun lórí. Ó ń ta iyọ̀ àti ìsáná níwájú ilé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹní kankan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kò sí ewé lẹ́nu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Àpò tí a dì yẹn, ó ti gbóná kí a tó jáde ní Tógò. Nígbà tí mo tú u, gbogbo rẹ̀ ti bu. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo dà á sí. Láti ọjọ́ náà mi ò tún sá ewé mọ́. Ọwọ́ mi ò gbé e."

Mo ṣí ìkòkò.

Ó mú ewé kan, ó gbé e sétí. Ó dún. Ó mú òmíràn láti ìsàlẹ̀, torí ó mọ ibi tí ọmọ-iṣẹ́ máa ń fi èyí tí kò dára pamọ́ sí. Ó dún. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ń wá èéfín.

"Iná wo lo lò?"

"Iná kẹ́ńkè, mà."

"Kẹ́ńkè?" Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. "Oúnjẹ Gã ló sá ewúro Ọ̀fà."

Ó pe aládùúgbò méjì kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì sè é fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Mo jókòó sórí àpótí. Ó bu òkèlè, ó jẹ ẹ́, ó wo òkè bó ṣe máa ń wò nígbà tí mo bá já ewé wọlé.

Ó ní, "Ó korò."

Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò náà, tí kò mọ ohun tó ń lọ, káàánú mi. Ó ní, "Má bínú, ọmọ mi. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro."

Ìyá Ọ̀fà na ọwọ́ sí i. "Jẹ́ kó korò ná." Ó bu òkèlè mìíràn. Ó jẹ àwo náà tán, ó fọ ọwọ́, ó gbé e lé mi lórí, ó sì gbàdúrà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ròyìn ògiri ààrò, yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ àti ihò méjèèjì fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti gbé ẹní àtijọ́ kan jáde, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó tún fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ.

Ó ní, "Ọ̀gá, ihò ti ìsàlẹ̀ yẹn, apá ibo ni ká dá a sí?"